Ó Le Kú àti Aisha: Bí Ìwé Ìtàn Ìfẹ́ Ṣe Ń Di Fíìmù

Ní ọdún 1974 ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé ìwé ìtàn àròsọ kan jáde tó pe orúkọ rẹ̀ ní Ó Le Kú. Ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn náà, ní 1997, Túndé Kèlání sọ ìwé ọ̀hún di fíìmù. Kí fíìmù náà tó dé, ìwé ti lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ Yorùbá, àwọn tó sì kà á nígbà tí wọ́n wà nílé-ìwé ti ń di òbí. Nígbà tí fíìmù dé, ìyá àti ọmọ lè jọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kan náà, kí ìyá máa wo ìgbà èwe rẹ̀, kí ọmọ máa wo ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Ìtàn ìfẹ́ tó kúrò nínú ìwé bọ́ sínú fíìmù kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ní 2010, wọ́n gbé fíìmù ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín kan jáde ní èdè Híńdì, Aisha ni orúkọ rẹ̀. Inú Emma ni wọ́n ti yọ ọ́, ìwé tí Jane Austen gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òpin ọdún 1815. Delhi tí Aisha ti ṣẹlẹ̀ jìnnà sí Ìbàdàn tí Ó Le Kú ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ló wà nídìí ìtàn méjèèjì: ta ló ń yan ẹni tí ènìyàn yóò fẹ́? Ṣé ẹni tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ni, àbí òbí, àbí alárinà tó wà láàrin? Níbikíbi tí ẹbí bá ti ṣì ń dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya, ìbéèrè yìí kì í di ti àná. Òun ló ń jẹ́ kí ìwé àtijọ́ rí ẹni tuntun bá sọ̀rọ̀.

Ìwé náà àti ẹni tó kọ ọ́

Ọdún 1939 ni wọ́n bí Akínwùmí Ìṣọ̀lá ní agbègbè Ìbàdàn. Èdè Faransé ló kà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ibẹ̀ ló sì wà gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tó kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré onítàn tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ó padà di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ilé-Ifẹ̀, ó túmọ̀ ìwé Wọlé Ṣóyínká sí Yorùbá, ó sì di olóògbé ní oṣù kejì ọdún 2018.

Kí Ó Le Kú tó jáde, ìtàn àròsọ Yorùbá tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù ni ti D. O. Fágúnwà, tó gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde ní 1938. Ọdẹ, igbó àti iwin ló kún inú irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ṣáájú Fágúnwà, I. B. Thomas ti ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti 1929, ìtàn obìnrin Èkó kan tó fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin máa ń fà. Nínú ìyẹn, ìfẹ́ wà fún ìkìlọ̀. Ìṣọ̀lá gba ọ̀nà mìíràn. Kò wọ igbó, kò sì dúró bí oníwàásù. Ó mú òǹkàwé lọ sí yunifásítì, sáàrin àwọn ọ̀dọ́ tí ìwé wà lọ́wọ́ wọn tí ọkàn wọn sì wà lọ́dọ̀ olólùfẹ́. Ó fi èdè tí irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ń sọ kọ ọ́, èdè tó ń dápàárá, tó ń pòwe, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ̀rín dákẹ́.

Àjàní ni ọ̀dọ́kùnrin tí ìtàn náà dá lé lórí. Ó ku díẹ̀ kí ó jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìyá rẹ̀ sì ti ń rọ̀ ọ́ pé kí ó mú ìyàwó wálé. Ọ̀rọ̀ ìyá kò le. Ohun tó le ni pé ọmọbìnrin mẹ́ta ló wà níwájú Àjàní: Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Àwọn àgbà ní ẹni fẹ́ arẹwà fẹ́ ìyọnu, mẹ́ta sì ni ti Àjàní. Ó ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀kan, ó ń ronú kan èkejì, kò sì mọ èyí tí yóò fi sílẹ̀. Ibi tí àìlèyàn rẹ̀ ti ń pa òǹkàwé lẹ́rìn-ín ni ewu ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò yan ń ṣe àwọn tó ń dúró dè é léṣe. Ìtàn tó fi ẹ̀fẹ̀ bẹ̀rẹ̀ parí sí ìbànújẹ́, orúkọ ìwé náà sì ti kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́.

Iṣẹ́ alárinà

Láti mọ ohun tó kó Àjàní sí wàhálà, ó yẹ kí a rántí bí ìgbéyàwó ṣe máa ń rí nílẹ̀ Yorùbá tẹ́lẹ̀. Ìfojúsóde ló máa ń kọ́kọ́ wáyé: ọmọkùnrin tàbí àwọn òbí rẹ̀ yóò rí ọmọbìnrin tó wù wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ìwádìí. Ẹbí yóò béèrè lábẹ́lẹ̀ bóyá wèrè, ẹ̀tẹ̀ tàbí wárápá wà nínú ìdílé náà, bóyá wọ́n ń jalè, bóyá wọ́n jẹ gbèsè, wọn yóò sì bi Ifá léèrè. Bí ọ̀nà bá là, alárinà yóò wọ ọ̀rọ̀ náà. Òun ni yóò máa gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ láàrin àwọn méjèèjì títí ọmọbìnrin yóò fi jẹ́ hẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní ìjọ́hẹn tàbí ìṣíhùn. Ìtọrọ àti ìdána yóò tẹ̀lé e, kí ìgbéyàwó tó wáyé.

Alárinà ní agbára púpọ̀ nínú ètò yìí. Ó mọ àṣírí ilé méjèèjì. Ó lè pọ́n ọmọkùnrin ju bó ṣe rí lọ, ó sì lè bo àléébù ọmọbìnrin mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn Yorùbá fi fi ààlà sí iṣẹ́ rẹ̀: bí ọkọ bá mojú aya tán, alárinà á yẹ̀bá.

Ní ayé Àjàní, yunifásítì ti gba iṣẹ́ alárinà ṣe. Kò sí ẹni tó ń jíṣẹ́ fún un, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń lọ, ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyá ṣì wà nílé, ó ṣì ń retí ìyàwó bí ìgbà tí alárinà ṣì wà. Òmìnira wà lọ́wọ́ ọmọ, ọ̀nà tí yóò fi lò ó kò yé e. Àárín ayé méjèèjì yìí ni ìwé Ìṣọ̀lá dúró sí, òun ló sì fà á tí ìtàn náà kò fi gbó pẹ̀lú aṣọ àti mọ́tò ìgbà rẹ̀.

Láti ojú ìwé sí ojú kámẹ́rà

Túndé Kèlání, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1948 tó sì dàgbà ní Abẹ́òkúta, ti ṣiṣẹ́ kámẹ́rà ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn, ó sì ti kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó tó dá iléeṣẹ́ fíìmù Mainframe sílẹ̀. Ti Olúwa Nilẹ̀ tó jáde ní 1993 ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ iléeṣẹ́ yìí. Kòṣeégbé tẹ̀lé e ní 1995, láti inú eré onítàn Ìṣọ̀lá. Ìgbà tí Ó Le Kú fi dé ní 1997, òǹkọ̀wé àti olùdarí fíìmù ti mọ ọwọ́ ara wọn. Àjọṣe yìí pọ̀ débi pé nígbà tó yá, ọ̀nà yí padà: fíìmù ni Ṣaworoidẹ kọ́kọ́ jẹ́ ní 1999, ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ìṣọ̀lá tó sọ ọ́ di ìwé.

Yẹmí Ṣódìmú ló ṣe Àjàní. Feyíkẹ́mi Abọ́dúnrìn, Pauline Dike àti Ọmọlọlá Àmùsàn ló ṣe àwọn ọmọbìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iṣẹ́ ńlá ni láti dá ayé tó ti kọjá padà. Mọ́tò, irun dídì, àga ilé àti orin gbọ́dọ̀ bá ìgbà ìtàn mu. Aṣọ ló fi àmì rẹ̀ sílẹ̀ jù: bùbá alápá gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìró kúkúrú tó dé orúnkún, irú èyí tí àwọn ọmọge ń wọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1979. Lẹ́yìn fíìmù náà, àwọn aránṣọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán an, wọ́n sì ń pè é ní Ó Le Kú. Títí di òní, ẹni tí kò ka ìwé náà rí lè mọ aṣọ náà dáadáa.

Ohun mẹ́ta ni ẹni tó bá fẹ́ sọ ìwé di fíìmù gbọ́dọ̀ yanjú. Èkíní ni gígé. Ìwé lè gba òǹkàwé ní ọ̀sẹ̀ kan, fíìmù kò ní ju wákàtí mélòó kan lọ. Àwọn ènìyàn kan nínú ìtàn gbọ́dọ̀ lọ, àwọn mìíràn gbọ́dọ̀ di ẹyọ kan, láì jẹ́ kí egungun ìtàn ṣẹ́.

Èkejì ni èrò ọkàn. Nínú ìwé, òǹkọ̀wé lè sọ fún ni pé ọkàn Àjàní pín sí méjì. Kámẹ́rà kò rí ọkàn. Ojú òṣèré, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀, ọwọ́ tó nà tó tún fà sẹ́yìn, àti orin tó ń dún lábẹ́lẹ̀ ni yóò sọ ọ́. Nínú ìtàn ìfẹ́, ibí yìí ni iṣẹ́ ti máa ń bà jẹ́, nítorí pé olùdarí tí kò fọkàn tán ojú òṣèré yóò máa fi ẹnu sọ gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni èdè. Ohùn òǹkọ̀wé, tó ń ṣe àwàdà tó sì ń pòwe, kò sí nínú fíìmù mọ́ àfi bí a bá pín in fún àwọn tó ń sọ̀rọ̀. Èrè ńlá ni èyí jẹ́ fún Yorùbá, nítorí pé èdè tó ní ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ máa ń jí nígbà tí etí bá gbọ́ ọ. Gbólóhùn tí òǹkàwé sáré kọjá lórí ìwé lè di ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ kiri lẹ́yìn tí òṣèré bá fi ohùn tó tọ́ sọ ọ́.

Aisha: alárinà tó tan ara rẹ̀ jẹ

Ohun tí wọ́n ṣe ní Íńdíà ní 2010 tún ga ju gígé àti ṣíṣe àfihàn lọ, nítorí pé wọ́n kó ìtàn ìlú kan lọ sí ìlú mìíràn. Emma tí Jane Austen kọ jẹ́ ọmọ olówó tó ń gbé ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sọ ara rẹ̀ di alárinà fún gbogbo ènìyàn. Ó gbàgbọ́ pé òun mọ ẹni tó yẹ ẹnìkọ̀ọ̀kan ju bí àwọn fúnra wọn ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Rajshree Ojha tó darí Aisha gbé ọmọbìnrin yìí lọ sí àwọn ilé ńlá Delhi ayé òde òní. Sonam Kapoor ló ṣe Aisha, Abhay Deol sì ṣe Arjun, ọ̀rẹ́ ìdílé tó ń sọ òtítọ́ fún un nígbà tí gbogbo ènìyàn ń yìn ín.

Ìgbéyàwó àǹtí Aisha ni ìtàn fi bẹ̀rẹ̀. Aisha gbà pé òun ló so àwọn méjèèjì pọ̀, ó sì rò pé iṣẹ́ náà ti mọ́ òun lọ́wọ́. Ó wá fa Shefali mọ́ra, ọmọbìnrin kan tó wá láti Bahadurgarh, ìlú kékeré tí kò jìnnà sí Delhi. Ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó tún irun rẹ̀ ṣe, ó sì pinnu pé Randhir, ọmọ olówó, ni yóò fẹ́ ẹ. Ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan wà tó nífẹ̀ẹ́ Shefali lóòótọ́, ṣùgbọ́n Aisha ní ẹni yẹn kò tó o. Kàkà kí Randhir wo Shefali, Aisha fúnra rẹ̀ ló kọ ẹnu ìfẹ́ sí. Nígbà tó ṣe, Shefali bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé Arjun ni òun fẹ́, ọjọ́ náà ni ojú Aisha ṣẹ̀ṣẹ̀ là: òun náà ti nífẹ̀ẹ́ Arjun tipẹ́, kò kàn fẹ́ gbà ni.

Ẹ̀rín inú fíìmù náà wá láti ibi kan ṣoṣo, ìyẹn ni pé alárinà tó ń ka ọkàn gbogbo ènìyàn kò lè ka ti ara rẹ̀. Kò sí ẹni burúkú nínú ìtàn náà. Àṣejù ìfẹ́ rere ló ń dá gbogbo rẹ̀ rú, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí tó ń fipá wá ọkọ fún àbúrò mọ irú ẹni tí Aisha jẹ́. Ibi tó tẹ́ni lọ́rùn jù ni ìgbà tí Shefali dìde, tó sọ fún Aisha lójú pé òun kì í ṣe ọmọlangidi. Ẹni tí wọ́n ń yàn fún gba ẹ̀tọ́ yíyàn padà. Ó padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin tí wọ́n ní kò tó o, Randhir fẹ́ Pinky tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Aisha, Aisha àti Arjun sì bára wọn.

Amit Trivedi ló ṣe orin fíìmù yìí, Javed Akhtar ló kọ ọ̀rọ̀ orin. Orin ṣe pàtàkì nínú fíìmù Híńdì, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń yanjú ọ̀rọ̀ èrò ọkàn tí kámẹ́rà kò rí. Ohun tí Austen fi ojú ìwé mẹ́wàá sọ, orin kan lè sọ ọ́ láàrin ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àwọn alárìíwísí kan rí wí sí fíìmù náà pé aṣọ àti báàgì olówó ńlá pọ̀ jù níbẹ̀. Síbẹ̀, egungun ìtàn Austen kò ṣẹ́.

Kì í ṣe Aisha nìkan ni wọ́n ti yọ láti inú ìwé Austen. Ní 2000, wọ́n sọ Sense and Sensibility di fíìmù Kandukondain Kandukondain ní èdè Tamil, ní 2004 sì ni Gurinder Chadha gbé Pride and Prejudice lọ sí Amritsar nínú Bride and Prejudice. Àwọn ará Íńdíà kò fi ìwé tiwọn sílẹ̀ nítorí ti àjèjì. Devdas tí Sarat Chandra Chattopadhyay gbé jáde ní 1917 ti di fíìmù lọ́pọ̀ ìgbà, nínú wọn ni ti 1935, 1955 àti 2002. Ìran kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní èyí àtijọ́ ti tó.

Ṣíṣí tí ìtàn Austen ṣí lọ sí Íńdíà rọrùn nítorí pé ayé tó kọ nípa rẹ̀ jọ tibẹ̀. Owó, ìdílé àti orúkọ rere ló ń pinnu ẹni tí ènìyàn lè fẹ́. Òbí máa ń gbọ́, ará àdúgbò máa ń gbọ́. Ohun kan náà ló jẹ́ kí fíìmù Íńdíà rí àyè ní Nàìjíríà láti àwọn ọdún 1950, nígbà tí àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn wọlé fún àwọn ilé sinimá. Kánò ni wọ́n ti gbajúmọ̀ jù, ṣùgbọ́n Èkó náà wò wọ́n. Àwọn tí kò gbọ́ Híńdì rárá ń sunkún níbi tó yẹ, nítorí pé wọ́n mọ ìyá tó kọ̀ jálẹ̀ àti ọmọ tó ń bẹ̀bẹ̀.

Sidi àti alárinà tí wọ́n tàn jẹ

Bí ènìyàn bá ń wá fíìmù ìfẹ́ Yorùbá tó sún mọ́ Aisha ní ti ẹ̀rín, Sidi Ilujinle ni, tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 2017. Inú The Lion and the Jewel ni ó ti yọ ọ́, eré onítàn tí Wọlé Ṣóyínká kọ́kọ́ gbé sórí ìtàgé ní Ìbàdàn ní 1959. Ìlú Ilujinle ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Sidi ni arẹwà ìlú, àwòrán rẹ̀ ti jáde nínú ìwé ìròyìn, orí rẹ̀ sì ti wú. Lakunle, tíṣà tó fẹ́ràn ọ̀nà òyìnbó, fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò fẹ́ san owó orí nítorí ó ní àṣà àtijọ́ ni. Sidi ní òun kò lè lọ ilé ọkọ láìsan owó orí, kí ayé má baà fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Baroka, baálẹ̀ tó ti dàgbà, náà fẹ́ ẹ, ó sì rán Sadiku, ìyálé rẹ̀, ní iṣẹ́ alárinà.

Sidi kọ̀. Baroka wá dọ́gbọ́n. Ó sọ fún Sadiku ní bòókẹ́lẹ́ pé agbára ọkùnrin òun ti tán, ó mọ̀ pé obìnrin náà kò ní lè pa á mọ́ra. Sadiku tú u fún Sidi, Sidi gbéra láti lọ fi baálẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, ibẹ̀ ni ọkùnrin àgbà náà ti mú un. Ní ìparí, Sidi yan Baroka, Lakunle sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú gírámà rẹ̀.

Níhìn-ín ni àwọn ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé. Nínú Aisha, alárinà tan ara rẹ̀ jẹ. Nínú Sidi Ilujinle, ẹni tó rán alárinà níṣẹ́ ló tàn án jẹ. Nínú Ó Le Kú, kò sí alárinà rárá, ẹni tó sì fẹ́ yan fún ara rẹ̀ kò rí ẹni tí yóò gbà á nímọ̀ràn. Ìtàn méjì àkọ́kọ́ pa ni lẹ́rìn-ín, ẹ̀kẹta mú omi wá sójú. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìgbà àtijọ́ ló dára tàbí pé ti òde òní ló burú. Ohun tí àwọn ìtàn náà jọ ń sọ ni pé yíyan olólùfẹ́ jẹ́ iṣẹ́ tí ẹlòmíràn kò lè ṣe tán fún ni, tí kò sì yẹ kí ènìyàn dá ṣe láìsí amọ̀nà.

Àwọn ìwé mìíràn tó ti di fíìmù

Ọ̀nà yìí ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1979, Ọlá Balógun darí Ìjà Òmìnira, tí wọ́n yọ láti inú Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ. Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Adé Love, wà lára àwọn tó gbé fíìmù náà dúró. Ní 2021, ọmọ rẹ̀, Kúnlé Afọláyan, sọ Swallow tí Sefi Atta kọ di fíìmù. Kèlání yọ The Narrow Path láti inú The Virgin tí Báyọ̀ Adébọ̀wálé kọ, ó yọ Máàmi láti inú ìwé Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan ní 2011, ó sì yọ Dazzling Mirage láti inú ìwé Yínká Ẹgbọ́kharé.

Dazzling Mirage yẹ fún àkíyèsí nítorí ó mú ìwádìí àtijọ́ wọ ayé òde òní. Ọmọbìnrin tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni ìtàn náà dá lé, ẹbí ọkùnrin tó fẹ́ ẹ sì ń wò ó bí ẹni tí ikú ti sàmì sí. Ohun tí wọ́n ń béèrè lábẹ́lẹ̀ láyé àtijọ́ ni wọ́n ń lọ yẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀ lónìí, tí ṣọ́ọ̀ṣì sì ń béèrè ìwé rẹ̀ kí wọ́n tó so ènìyàn pọ̀.

Àwọn tí kò yọ fíìmù tiwọn láti inú ìwé pàápàá ń rìn ní ọ̀nà tó jọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 2021, Netflix gbé Namaste Wahala jáde, fíìmù ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín tí Hamisha Daryani Ahuja, ará Íńdíà tó dàgbà ní Èkó, darí. Ini Dima-Okojie ṣe lọ́yà ọmọ Nàìjíríà, Ruslaan Mumtaz ṣe ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ owó ní Èkó. Bàbá ọmọbìnrin kọ̀, ìyá ọmọkùnrin kọ̀, àwọn olólùfẹ́ méjèèjì kò sì gbà fún wọn. Joke Silva àti Richard Mofe-Damijo wà lára àwọn òbí tó ṣòro láti tù lójú. Ẹ̀rín púpọ̀ inú rẹ̀ wá láti inú oúnjẹ, èdè àti ìgbéraga ìyá.

Àwọn òǹwòran Alimosho

Kò sí ibi tí irú ìtàn yìí ti bá ilé mu ju ìjọba ìbílẹ̀ Alimosho lọ. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà níbẹ̀, òun ló sì pọ̀ jù ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Àwọn Àwórì ló ni ilẹ̀ ní apá púpọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ilé ti gbówó lórí ní àárín Èkó ni àwọn ènìyàn láti ìlú gbogbo ti ń ṣí wá sí Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá, Ìgandò àti Ìdímù. Nínú ọgbà ilé kan ṣoṣo, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Ègùn lè jọ máa pọn omi. Níbi tí àwọn ọmọ bá ti jọ dàgbà báyìí, ìwádìí kì í rọrùn bíi ti abúlé, ìbéèrè ìyá sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlú: ọmọ ibo ni?

Bí fíìmù ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì láàrin ìran kan. Ní 1997, kasẹ́ẹ̀tì ni. Àwọn olùtà ń rà á ní Ìdúmọ̀tà, wọ́n ń gbé e wá sí ọjà Ìkòtún àti etí títì Ẹgbẹ́dá, àwọn tí kò lówó láti rà á sì ń yá a wò mọ́jú. Lẹ́yìn náà ni sídíì dé, Alaba tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ nítòsí sì di orísun rẹ̀. Lónìí, fóònù àti ìkànnì sátẹ́láìtì ló kù. Láti 2015 ni ìkànnì Zee World ti ń fi eré Íńdíà hàn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá ilé kì í fẹ́ pàdánù ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ọjà dé.

Iṣẹ́ alárinà náà kò tíì kúrò ládùúgbò yìí. Ní ọjọ́ ìdána ní àwọn gbọ̀ngán Alimosho, alága ìdúró àti alága ìjókòó máa ń dúró fún ẹbí méjèèjì, wọn yóò ní kí ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, wọn yóò kọrin, wọn yóò sì gba owó lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ. Àwọn méjì tí wọ́n ń fẹ́ra ti mọ ara wọn tán kí wọ́n tó pe alága kankan. Ṣùgbọ́n ẹbí fẹ́ kí wọ́n tún fi eré ṣe é lójú gbogbo ayé, kí ó lè hàn pé wọn kò yan ara wọn láìfi tẹbí ṣe. Bí òǹkọ̀wé tó gbówọ́ bá jókòó sí ìdána kan, eré apanilẹ́rìn-ín ti délẹ̀.

Ohun tó kù láti ṣe

Ẹni tó fẹ́ sọ ìwé di fíìmù gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìwé ní ẹni tó ni ín. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti Nàìjíríà, èyí tó jẹ́ ti 2022, dáàbò bo ìwé títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ọdún tí ẹni tó kọ ọ́ kú. Austen ti kú láti 1817, nítorí náà ẹnikẹ́ni ní Delhi tàbí ní Ìgandò lè mú Emma kí ó fi ṣe fíìmù láì tọrọ gáfárà. Ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá kò rí bẹ́ẹ̀: òpin ọdún 2088 ni ààbò ìwé rẹ̀ tó dópin, àdéhùn pẹ̀lú àwọn tó jogún rẹ̀ ni ọ̀nà tó tọ́. Àdéhùn yìí kì í ṣe ìdènà. Òun ló ń jẹ́ kí ìdílé òǹkọ̀wé rí jẹ lára iṣẹ́ rẹ̀, kí òǹkọ̀wé tuntun sì mọ̀ pé kíkọ ìwé ní èdè Yorùbá kì í ṣe asán.

Pápá ìṣeré náà ti wà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti kọ́ gbọ̀ngán ìtàgé sí Ìgandò, ọ̀kan nínú mẹ́rin tó kọ́, àwọn yòókù wà ní Orégún, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì. Ìtàn tí wọ́n bá kọ́kọ́ dán wò lórí irú ìtàgé bẹ́ẹ̀ yóò fi ibi tó ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín àti ibi tó ń sú wọn han olùdarí, kí ó tó ná owó kámẹ́rà. Ọ̀nà tí Sidi gbà láti ìtàgé Ìbàdàn ọdún 1959 dé fíìmù ọdún 2017 nìyẹn.

Ìwé Yorùbá tí wọ́n kọ dáadáa tí kámẹ́rà kò tíì fọwọ́ kàn pọ̀ ní ilé-ìkàwé. Àwọn tó kọ wọ́n ti ṣe iṣẹ́ tó le jù: wọ́n ti dá ènìyàn tó ṣeé gbàgbọ́, wọ́n ti fi ìbéèrè sí àárín wọn. Ohun tó kù fún olùdarí ni kí ó di ìbéèrè náà mú ṣinṣin, kí ó sì wá ilé tuntun fún un, bí Ojha ṣe rí ilé fún Emma ní Delhi. Àwọn ọmọ Alimosho tó ń yan olólùfẹ́ lónìí yẹ kí wọ́n rí ara wọn nínú fíìmù tó ní ìwé rere lẹ́yìn, ní èdè tí ìyá wọn fi ń béèrè ọmọ ibo ni.